Obìnrin Tí Wọ́n Rí Pẹ̀lú Ọkọ Rẹ ní Apakun

Ojúlé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì,
Ṣógúnlé, Òṣòdì.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kejìlá, 1975.

Kíkẹ́lọmọ,

Ẹ̀rù ń bà mí pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, ìwọ á ti ṣe ohun tí o rán Rùfáì awakọ̀ sí wa. Láti ìrọ̀lẹ́ tí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ní o ní kí ọkọ rẹ máa bá obìnrin tó ń bá rìn lọ, pé ìwọ kò padà sí Òṣòdì mọ́, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ ọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó wà lọ́kàn mi jù nìyẹn, òun ni mo ṣe fi ṣáájú ìkíni.

Ó yá, mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé ara ti ń le sí i? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti padà sí ojú rẹ? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Bá mi kí Felicia àbúrò mi, kí o sọ fún un pé mi ò gbàgbé ìtọ́jú tó ń ṣe fún ọ níbẹ̀ yẹn ní Àkúrẹ́. Ọlọ́run tó fà ọ́ yọ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́dọ̀ mi, kò sí èyí tí orí ń fọ́ nínú wọn. Fúnmi ti mọ irun dídì, àwọn àbúrò rẹ̀ ló fi ń kọ́ṣẹ́. Èyí àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń bèèrè ọ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bàbá rẹ wà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, wàá mọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo mọ ẹni tó sọ fún ọ. Ìsíátù oníṣòwò aṣọ ni, tó máa ń wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní ìdájí. Mi ò bá a wí, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Òótọ́ ni pé ọkọ rẹ ń bá obìnrin kan rìn lójú títì Apakun láràárọ̀, òótọ́ sì ni pé obìnrin náà máa ń di apá rẹ̀ mú. Màá sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n tí n kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, kò ní yé ọ.

Nígbà tí o bí ìkókó yìí, tí o kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ, èmi àti Olúsànyà ọkọ rẹ ni dókítà pè síta. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ilé ọmọ rẹ ya, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ kò kéré, pé bí o bá tún lóyún, òun kò lè ṣèlérí pé o máa dìde. A sọ ọ́ fún ọ nígbà tí ojú rẹ wálẹ̀. O yí ojú sí ògiri, o ní o máa sinmi fún ọdún kan, o máa tún gbìyànjú, pé ìyá ọkọ rẹ kò tíì rí ọmọkùnrin gbé, àti pé ọmọbìnrin mẹ́rin kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Kò fèsì. Èmi rò pé kò gbọ́ ni.

Ó gbọ́. Nígbà tí o ti lọ sí Àkúrẹ́ tán, ó wọlé lọ bá àwọn dókítà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà ọmọ lára ọkùnrin fún un, kí ó má lè fún obìnrin lóyún mọ́. Kò sọ fún èèyàn kankan. Ó ní bí òun bá sọ fún ọ, wàá sunkún, òun kò sì lè rí ẹkún rẹ kí òun má yí ọkàn padà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Má ṣe rò ó bí mo ṣe kọ́kọ́ rò ó o. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ìwé tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdírì kò dé ibẹ̀, igbe ni mo kọ́kọ́ fi ta, àfi ìgbà tí dókítà jókòó tì mí tó ṣàlàyé pé ọkùnrin tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ṣì jẹ́, pé ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà jáde nìkan ni wọ́n gé tí wọ́n sì so.

Iṣẹ́ abẹ náà kò tóbi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọlé lọ́jọ́ náà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sinmi, kí ó máa wọ pátá tó fún un dáadáa kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa mì, kí ó máa fi aṣọ tútù lé e. Lẹ́yìn náà kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ó kéré tán títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi kọjá dáadáa, àti pé bó bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó fi kékeré bẹ̀rẹ̀, bí ibẹ̀ bá ti ń fà á kí ó dúró. O mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ rẹ ń ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹrù ni láti àárọ̀ dalẹ́. Ó gba ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ibà ló ń ṣe òun. Ó wọ yàrá yín l'Óṣòdì, ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni sìmẹ́ǹtì bàbá rẹ dé. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti gba owó Udójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ló ti ń wá sìmẹ́ǹtì tí yóò fi da kọnkéré òkè ilé tó ń kọ́ ní Ìsọlọ̀, tí gbogbo Èkó ń du sìmẹ́ǹtì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bó ṣe dé, Ògúnjìmí bíríkìlà ní Sátidé ni ká dà á, kí òjò má baà mú un. O sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Bí àwọn ọkọ ọmọ ṣe máa ń kó ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyàwó wọn ní Ìkọ̀lé, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ ṣe ránṣẹ́ sí Felix ọkọ Lará ẹ̀gbọ́n rẹ, tó sì ránṣẹ́ sí Sànyà. Felix kó ọ̀rẹ́ wá láti iléeṣẹ́ aṣọ. Ọkọ rẹ rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ì bá sì jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọn kò bá rí òun, wọ́n á ní nítorí pé ìwọ kò sí nílé lòun ṣe pa àna òun tì. Ó wọ ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó wá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ àtíbàbà, ó ní ara òun kò yá.

O mọ Felix, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Bó ṣe ń ru páànù kọnkéré kọjá ló ń nahùn sí i: "Sànyà, ṣé ìwọ lo bímọ ni? Ẹ bá wa gbé omi gbígbóná wá fún ìyá ìkókó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ náà rẹ́rìn-ín, kò dìde. Mo gbé ògì fún un, ó mu ún, ó dúpẹ́.

Nígbà náà ni Bàbá Babáṣọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sọ̀kalẹ̀ láti Ìkọ̀lé. Àwọn ọkùnrin tó kù fi páànù sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Ọkọ rẹ dìde, ó fi ọwọ́ ti eékún, ó tẹrí ba, ó ní ẹ káàbọ̀ sà. Bàbá Babáṣọlá wò ó láti òkè délẹ̀. Kò pariwo. Ó ní: "Àna wa ti di ọ̀gá. Ilẹ̀ Èkó ti le jù fún un láti dọ̀bálẹ̀ sí." Bàbá rẹ wo ilẹ̀. Kíkẹ́, ọkọ rẹ na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, àyà, ikùn, itan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Bàbá fi ní kó dìde. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ti ilẹ̀ kó tó lè dìde. Mo rí òógùn lójú rẹ̀, mo ní oòrùn ni. Kò padà sórí búlọ́ọ̀kù. Ó gba páànù lórí ẹnì kan, ó gbé e kari, ó sì tẹ̀ lé àwọn tó ń gun pákó lọ sókè. Títí kọnkéré fi tán, kò sọ̀ ọ́.

Lálẹ́ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní òun fẹ́ tètè sùn, ó lọ sílé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni Mùktárù onílé yín wá kan ilẹ̀kùn wa, ó ní ara àna wa gbóná bí iná, kò lè dìde. Èmi àti bàbá rẹ la jọ sáré lọ. Nígbà tí bàbá rẹ ṣí aṣọ tó fi bora, ńṣe ló dá a padà tó lọ fara ti ògiri. Ẹpọ̀n rẹ̀ ti wú bí ìbẹ́pẹ, ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Ó kọ́kọ́ ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí o gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti lọ ṣe, àti ẹni tó tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Takisí la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n tún un ṣí, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò níbẹ̀, egbò náà sì ti ń ṣọyún. Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo rò pé ìwọ ni màá wá mú láti Àkúrẹ́ wá wò ó nígbà ìkẹyìn. Dókítà kò fi inú bíbí pamọ́ fún wa, ó bèèrè pé ta ló gbé ẹrù fún ẹni tí òun ní kó sinmi. Sànyà ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bàbá rẹ ló ní: "Èmi ni."

Láti ìgbà náà kò dé Ìsọlọ̀ mọ́. Ògúnjìmí wá bá a nílé pé kọnkéré ti gbẹ, kó jẹ́ kí òun yọ àwọn igi tí wọ́n fi gbé e ró. Bàbá rẹ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní: "Sìmẹ́ǹtì lásán, omi la fi ń wọ́n ọn, a ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le. Èèyàn ẹlẹ́jẹ̀ ló sì gbé e gun òkè fún mi." Ògúnjìmí kò mọ ohun tó ń sọ, ó lọ. Àwọn igi náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní olú ti ń hù lára wọn.

Ìdí tí ọkọ rẹ kò fi wá sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn, kò lè rìn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, dókítà ní ọ̀nà jíjìn tí mọ́tò ń já sí kòtò lóríṣiríṣi kò tíì yẹ fún un. Kò sì jẹ́ kí n kọ̀wé. A ń fi ẹrù rán Rùfáì sí ọ, a ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni, o sì ti gbọ́ òórùn irọ́ náà lára ohun tí à ń sọ. Mi ò lè bá ọ wí pé o fura.

Ọ̀dọ̀ wa ló wà báyìí, ní Ṣógúnlé níbí. Dókítà ní kó máa rìn, pé ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ kò dára fún ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé nǹkan kan. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kànga ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń dé ẹnu àdúgbò. Ní báyìí ó ń dé Apakun kí oòrùn tó mú. Bàbá rẹ kò lè bá a lọ, ojú ń tì í láti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí Ìsíátù rí, èmi ni. Ìró tí mo ró, ìwọ lo rà á fún mi nígbà Kérésì. Mo máa ń di apá rẹ̀ mú tí lọ́rì bá ń bọ̀, nítorí bó bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, ibẹ̀ á fà á, á sì dúró tipẹ́tipẹ́ kó tó lè tún gbẹ́sẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni gbé àwo omi dání. Ọkùnrin tó ń fi èjìká gbé àpótí tí ẹni méjì kò lè gbé.

Kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní Apakun, ó dúró. Mo rò pé ibẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní: "Màmá, ṣé Kíkẹ́ á lè dárí jì mí nítorí ọmọkùnrin?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó sunkún níbẹ̀, lójú títì, tí àwọn èèyàn ń kọjá. Mi ò sì parọ́ fún un, mi ò mọ̀ lóòótọ́. Èmi náà ti sunkún ọmọkùnrin tí kò ní dé yẹn ní kọ̀rọ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ jáde, ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó mi.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sí ipò rẹ̀, ọ̀gá wọn ní ìgbà tó bá lè gbé ẹrù ni kó wá. Dókítà ní kó má kánjú, pé bí ọdún tuntun bá wọlé, kó fi ìlàjì garawa omi bẹ̀rẹ̀, kó máa wò ó bí ara bá gbà á. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìrora kékeré máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì wá iṣẹ́ mìíràn tí kò ní ẹrù nínú. Lánàá, àbíkẹ́yìn àwọn mẹ́ta náà sáré pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè kó gbé òun. Ọkọ rẹ rọra jókòó sílẹ̀, ó ní kó wá sí itan òun. Ọmọ náà kọ̀, ó ní gbígbé lòun fẹ́. Mo wọlé lọ, mi ò lè wò ó.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìtìjú tí nǹkan sì ṣe ọ, kí ni mo máa sọ fún ara mi? Bí o bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oyún ti parí lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní àwọn irúgbìn tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan. Títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kí ẹ lo ohun tí wọ́n bá fún yín láti dènà oyún. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyà tó jẹ yìí á di asán.

Ìyá ọkọ rẹ kò mọ nǹkan kan. Felix náà, iṣẹ́ abẹ ìpá la sọ fún un pé wọ́n ṣe. Ó máa ń gbé ọsàn wá, á jókòó, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ máa sọ fún wọn ní Ìjẹ̀bú, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kẹ́ ẹ jọ mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé inú á bí ọ pé kò bi ọ́ kó tó ṣe é. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ nítorí ohun tó ṣe ni inú á fi bí ọ, kì í ṣe nítorí ohun tí kò ṣe.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní okun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí o má ṣòfò ọmọ, kí ọmọ má ṣòfò rẹ. Ọmọbìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣojú ìwọ àti bàbá wọn, wọ́n á sì gbé yín gẹ̀gẹ̀. Kí ilé rẹ má tú. Kí n má rí ìbànújẹ́ tó ju èyí lọ lórí yín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì ń bá ọkọ rẹ rìn,
Ìyá Lará.

Mo gbàgbé: mo ti ka lẹ́tà yìí sí ọkọ rẹ létí. Ó ní kí n yọ ibi tí òun ti sunkún kúrò. Mo ní ó máa wà níbẹ̀. Kò jiyàn, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun fúnra òun lòun máa gbé e lọ fún Rùfáì. Mo jẹ́ kó gbé e, kò wúwo. Jọ̀wọ́ tètè kọ̀wé padà, Kíkẹ́. Òun ni kí o kọ ọ́ sí, má kọ ọ́ sí mi.